Ọjọ́ Tí Mo Mú Ìjọ Wa Gun Òkè Khor Fakkan

Nígbà tí mo ń kúrò nílé, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé òkè wà níbí. Yanrìn, ilé gíga àti oòrùn ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Yanrìn wà lóòótọ́. Ilé gíga wà. Oòrùn ní tirẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Lọ́jọ́ tí mo dé, bí mo ṣe jáde ní pápákọ̀ òfurufú, ṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn ṣí ààrò búrẹ́dì sí ojú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkè, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni mí. Níbi tí wọ́n bí mi sí, tí èèyàn bá jí láàárọ̀, òkè ni yóò kọ́kọ́ rí. Orí òkè ni oko bàbá mi wà. Òun ló fà á tí mi ò fi tètè wọ ilé ìwé, torí ẹsẹ̀ mi yá, bàbá mi sì nílò ẹni tí yóò máa ru iṣu sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo wọ kíláàsì kìíní, irùngbọ̀n ti ń yọjú lágbọ̀n mi. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń kí mi ní "ẹ káàárọ̀ sà" kí tíṣà tó dé.

Ìyàwó mi kú ní ọdún díẹ̀ kí n tó kúrò nílé. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ìyẹn. Ilé dákẹ́, Rẹ́nikẹ́ ọmọ wa ti lọ sí yunifásítì, mo sì rí i pé tí mo bá jókòó sínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ibẹ̀ ni màá gbó sí. Ẹnì kan ní iṣẹ́ wà ní Dubai. Mo lọ.

Hor Al Anz ni mo dé sí, ibẹ̀ náà ni mo sì wà títí di òní. Bedspace ni wọ́n ń pe ohun tí mo ní: bẹ́ẹ̀dì kan, kọ́tìnì kan, ìṣó tí mo ń fi aṣọ kọ́. Àwọn ará Nepal àti ará Uganda la jọ wà nínú yàrá náà. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe oòrùn, ọ̀rọ̀ ìkíni ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo wọ lífíìtì, mo bá àwọn èèyàn nínú rẹ̀, mo kí wọn lédè òyìnbó. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọkùnrin kan yọ ohun tó fi dí etí, ó wò mí bóyá mo fẹ́ béèrè nǹkan, ó sì dá a padà sétí. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé mo ti kú tí mi ò mọ̀.

Al Ras ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, àdúgbò àtijọ́ létí omi níbi tí wọ́n ti ń ta ọjà ní páálí páálí. Mo máa ń fi trólì ti ẹrù láti ṣọ́ọ̀bù dé ọ́fíìsì àwọn tó ń kó ẹrù ránṣẹ́ sí Lagos. Níbẹ̀ ni mo ti mọ Sister Bísọ́lá, oníṣòwò bàtà àti báàgì, tó tún jẹ́ olórí àwọn obìnrin nínú ìjọ wa. Ó máa ń rìn níwájú, èmi àti trólì á máa tẹ̀lé e, á sì máa pariwo láìwẹ̀yìn.

"Bàbá Rẹ́nikẹ́, ẹ rọra ní kọ́nà yẹn o! Tí páálí yẹn bá já, ẹ̀yin lẹ máa wọ bàtà onígìgísẹ̀ lọ sílé."

Èèyàn dáadáa ni. Tí a bá ti já ẹrù tán, á ra omi tútù fún mi, á sì dúró títí màá fi mu ún.

Ọjọ́ ìsinmi ni Rẹ́nikẹ́ máa ń pè.

"Daddy, ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Kí lẹ jẹ?"

"Oúnjẹ."

"Daddy! Oúnjẹ wo?"

"Èyí tí wọ́n ń jẹ níbí."

Á bú sẹ́rìn-ín, á ní bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ṣé wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ mi lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni. Ìyá rẹ̀ ló máa ń sọ̀rọ̀ nílé wa. Èmi máa ń gbọ́ ni. Nígbà tí òun ò sí mọ́, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

Rahim ló mú mi débi òkè. Ọmọ Pakistan ni, amọ̀nà àgbà ní ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Sharjah tó máa ń mú àwọn èèyàn rìn lórí òkè. Ó wá ra tíì àti dàbínù ní Al Ras lọ́jọ́ kan, trólì ò lè gba ibi tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí, ni mo bá gbé páálí náà ka orí. Ó ń wò mí.

"Old man," ó ní, "o lágbára o. Ṣé o lè gun òkè?"

"Òkè wo?" mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín. Lópin ọ̀sẹ̀ yẹn ó wá gbé mi. A fi Sharjah sílẹ̀, yanrìn ń lọ, yanrìn ń bọ̀, mo ti fẹ́ sùn. Nígbà tí mo lajú, òkè ti dúró níwájú wa, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, títí dé apá Khor Fakkan létí òkun. Kò sí igi lórí wọn bíi tiwa. Òkúta lásán ni, aláwọ̀ ilẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá orí wọn. Ṣùgbọ́n òkè ni. Rahim gbé omi lé mi léjìká, ó tọ́ka sí ọ̀nà tóóró kan, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ẹsẹ̀ mi ò bi mí léèrè ohunkóhun.

Ilé òkúta kékeré kan wà lórí òkè náà, ilé tí àwọn àgbẹ̀ ayé àtijọ́ kọ́, tí ilé iṣẹ́ yẹn fi imọ̀ ọ̀pẹ bò lórí kí àwọn arìnrìn-àjò lè rí ibi sinmi. Tí èèyàn bá kọjá ilé náà, tó yí èjìká òkè, adágún omi ló máa rí nísàlẹ̀, tí wọ́n fi dáàmù sé. Omi náà dúdú bí ewé, ó tòrò, òkúta yí i ká, ewúrẹ́ kan tàbí méjì á máa fò láti ibì kan sí ibòmíì lókè rẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ jókòó láìṣe bí ẹni tó fẹ́ dìde.

Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà yẹn. Àwọn tó ni ilẹ̀ náà kò mọ̀ mí. Ìwé àṣẹ tí mo ń gbé kiri ní àkókò tó máa tán. Ṣùgbọ́n bí èèyàn ṣe ń gbé ẹsẹ̀ lórí òkúta tó ń yẹ̀, bó ṣe ń mọ ibi tí oòrùn máa dé kó tó débẹ̀, kò sẹ́ni tó fún mi ní ìyẹn ní Dubai, kò sì sẹ́ni tó lè gbà á. Bàbá mi rò pé ilé ìwé nìkan ni òun fi dù mí. Ó fún mi ní nǹkan pẹ̀lú.

Nígbà tó yá, mo fi trólì sílẹ̀, ilé iṣẹ́ náà gbà mí. Mo ń ru omi lọ sí ilé òkúta, mò ń gbá a, mò ń se tíì, mo sì ń rìn lẹ́yìn àwọn tó ń gòkè kí ẹnikẹ́ni má bàa sọnù. Bẹ́ẹ̀ la wà títí Rahim fi ní kí n ṣe ìdánwò amọ̀nà. Mo ní mo ti dàgbà. Ó ní òkè náà ti dàgbà ju mí lọ. Èdè òyìnbó ni ìdánwò náà: bí wọ́n ṣe ń di ọgbẹ́, bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán ilẹ̀, ohun tí oòrùn ń ṣe sí ara. Lẹ́yìn kọ́tìnì mi ni mo ti ń kàwé náà, mò ń kà á bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Mo yege. Mo ya fọ́tò èsì náà, mo fi ránṣẹ́ sí Rẹ́nikẹ́. Ohùn tó gbà sílẹ̀ tó fi ránṣẹ́ padà sí mi, ẹkún ló fi bẹ̀rẹ̀, ijó ló fi parí. Mo ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé nìkan kọ́. Amọ̀nà tuntun gbọ́dọ̀ mú àwọn èèyàn kan gòkè dé adágún omi, kó sì mú gbogbo wọn padà dé bọ́ọ̀sì láìfarapa. Rahim á máa tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, kò ní sọ̀rọ̀.

"Tó bá di dandan kí n la ẹnu," ó ní, "khalas, ó tán nìyẹn. O ti kùnà."

Ẹni tó bá kùnà á dúró di ìgbà òtútù tó ń bọ̀. Èmi ò lè dúró dè é, torí nígbà yẹn màá ti kọjá ọjọ́ orí tí wọ́n ń gba amọ̀nà tuntun. Ìgbà kan ṣoṣo yìí ni. Tí kò bá bọ́ sí i, màá máa ru omi títí orúnkún mi á fi kọ̀.

Àwọn ará ọ́fíìsì rò pé àwọn ń ràn mí lọ́wọ́. Ìjọ wa ti sanwó fún ìrìn ọ̀sẹ̀ yẹn, ni wọ́n bá fún mi ní ìjọ wa. "Àwọn èèyàn ẹ ni," wọ́n ní. "Á rọrùn." Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì bá wa ṣe ìpàdé rí.

Ọjọ́ Sátidé ni. Bọ́ọ̀sì gbé wa ní Deira. Akin, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣètò ìrìn náà, wá láti àdúgbò Discovery Gardens pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ìyá àgbà tó wá láti Abẹ́òkúta láti wá wẹ ọmọ tuntun tí ìyàwó Akin bí. Sister Bísọ́lá wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú agboòrùn àti kúlà ńlá tí àwọn ọ̀dọ́ méjì ń bá a gbé. Wọ́n kọrin láti Deira dé ẹsẹ̀ òkè. Mo pín búrẹ́dì àti ẹyin tí ilé iṣẹ́ wa máa ń fún àwọn èèyàn. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n kó o sínú báàgì. Mo rò pé búrẹ́dì náà ni kò wù wọ́n. Èmi náà kì í fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, mo ní kí gbogbo wa mu omi. Òfin àkọ́kọ́ nìyẹn. Wọ́n di ìgò mú, wọ́n ń wò mí.

"Ẹ mu ún," mo ní.

Akin wo ilẹ̀. "Daddy, nǹkan kan wà tí mi ò tíì sọ fún yín."

Sister Bísọ́lá bá a sọ ọ́. "A wà nínú ààwẹ̀, Bàbá Rẹ́nikẹ́. Láti àná. Dry fasting, kò sí oúnjẹ, kò sí omi."

"Gbogbo yín?"

"Gbogbo wa. Létí omi yẹn la ti máa ṣínu, lẹ́yìn àdúrà."

"Sister, ìrìn afẹ́ ni wọ́n pè é."

"A mọ̀ pé ìrìn afẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣé ká wọ bọ́ọ̀sì láti Dubai débi òkè, ká wá fi ikùn tó kún gùn ún, ká ya fọ́tò, ká sì máa lọ sílé? Àwa? Ká fi òkè ṣòfò báyẹn?"

Ẹnì kan ṣe "Àmín" lẹ́yìn.

Mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé mi. Nílé wa, kò sẹ́ni tó ń gun òkè lọ gbàdúrà pẹ̀lú oúnjẹ nínú. Ìyàwó mi náà kò ṣe é rí. Ilé iṣẹ́ wa ti kọ́ mi ní ohun tí mo máa ṣe tí ejò bá bu èèyàn ṣán, tí ẹsẹ̀ bá rọ́, tí òjò bá ká wa mọ́. Wọn ò kọ́ mi ní èyí.

"Akin," mo ní, "o mọ̀?"

"Daddy, mo sọ fún wọn pé picnic ni o. Wọ́n ní mò ń sọ̀rọ̀ bí òyìnbó."

Mo yíjú sí wọn. "A máa rọra lọ sí ilé òkúta. Tí a bá débẹ̀, ẹni tí kò bá mu omi ò ní kọjá ibẹ̀."

"Ẹ gbọ́ mi!" Sister Bísọ́lá pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ti trólì tẹ̀lé mi, ẹ ti di ọ̀gá wa lónìí! Ẹ má bínú o, mò ń ṣeré ni."

"Òní nìkan ni, Sister," mo ní. "Lọ́la, ẹ lè gba trólì yín padà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Rahim nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rí i pé ìgò wọn ṣì kún. Ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀.

Mo fi ìyá Akin sí ẹ̀yìn mi gan-an, kí gbogbo wa lè máa rìn bí òun ṣe ń rìn. Afẹ́fẹ́ tutù, ọ̀nà náà kò le púpọ̀. Wọ́n ń kọrin. Orin yẹn ni mo fi ń mọ bí wọ́n ṣe wà. Nígbà tí oòrùn yọ sórí wa, àwọn tó ń gbè é dín kù. Nígbà tó yá, Sister Bísọ́lá nìkan ló kù tó ń kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, òkúta nìkan ni mò ń gbọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

Ìyá Akin dúró.

"Ṣé kò sí nǹkan, Mama?"

"Mò ń wo òkè ni, ọmọ mi."

"Ẹ wò ó dáadáa."

A rìn síwájú díẹ̀, ó tún dúró wo òkè. Nígbà tó tún ṣe é, ó jókòó sórí òkúta. Ètè rẹ̀ ti funfun, ọwọ́ tó fi mú ọ̀pá ń gbọ̀n. A ti ń rí imọ̀ ọ̀pẹ orí ilé òkúta lókè, kò jìnnà. Mo wò ó, mo wo ìyá. Mo gbé báàgì sọ̀ kalẹ̀.

"A dúró níbí," mo ní. "Tí a ò bá ní mu omi, a ń padà. Gbogbo wa."

"Padà lọ síbo?" Sister Bísọ́lá gún ọ̀pá agboòrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ilé yẹn nìyẹn, mò ń rí i! Bàbá Rẹ́nikẹ́, a ti jẹ́jẹ̀ẹ́. Ṣé nítorí ìrìn díẹ̀ tó kù ni ká ṣe ba ẹ̀jẹ́ wa jẹ́?"

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́," Akin ní, "ẹ má jẹ́ kó di wàhálà nínú ìjọ."

"Akin, ìyá ẹ rèé."

Ó wo ìyá rẹ̀, ó sì lọ dúró tì í.

Rahim ti kúrò lẹ́yìn, ó ń bọ̀ lápá ọ̀tún. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó fẹ́ là. Mo na àtẹ́lẹwọ́ mi sí i, bí ọlọ́pàá ṣe ń dá ọkọ̀ dúró. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ìgboyà yẹn. Ó dúró. Ó pa ẹnu dé.

Mo mọ ohun tó wà nílẹ̀. Tó bá sọ̀rọ̀, ó tán. Tí a bá padà, adágún omi ni a ò dé, ìyẹn náà tán. Nínú ọkàn mi, mo ti padà. Mo ti rí ara mi tí mò ń ru omi. Ohun tó kù ni kí n mú ìyá yìí délẹ̀ láàyè. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà níwájú mi, mi ò lè pàṣẹ fún wọn. Tó bá jẹ́ àlejò láti Germany ni, mo lè pàṣẹ fún un. Kò mọ̀ mí, ohun tí mo bá sọ ló máa gbà. Àwọn wọ̀nyí mọ trólì mi. Ààwẹ̀ tí ìjọ bá sì gbà, amọ̀nà òkè kọ́ ló ń ṣí i. Àdúrà ló ń ṣí i. Ẹni tó dàgbà jù la máa ń ní kó gbà á.

Mo dọ̀bálẹ̀. Lórí òkúta, pẹ̀lú bàtà òkè lẹ́sẹ̀ mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú ìyá Akin.

"Mama," mo ní, "ẹ̀yin lẹ dàgbà jù nínú wa. Ẹ bá wa gbàdúrà ìṣínu níbí. Èmi ni mo bẹ̀ yín."

Ìyá náà wò mí.

"Dìde, jàre," ó ní. "Ṣé òkúta ò gbóná ni?"

"Ó gbóná, Mama."

"Mo ṣáà rò bẹ́ẹ̀." Ó yíjú sí Sister Bísọ́lá. "Bísọ́lá, láti ẹsẹ̀ òkè ni mo ti ń retí ẹni tó máa bẹ̀ mí. Òùngbẹ fẹ́ pa mí! Ẹ̀yin ọmọdé ń kọrin kíkankíkan, ṣé kí n wá jẹ́ ẹni tó máa sọ pé òun ò lè ṣe é mọ́?"

"Mama!" Sister Bísọ́lá fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ̀yin náà!"

"Èmi náà kẹ̀. Ṣé ọ̀fun tèmi kì í gbẹ ni?"

Ẹ̀rín bú. Àwọn kan jókòó sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń rín in. Ìyá Akin gbé ọwọ́ sókè, àyà mi sì já, torí mo mọ bí àdúrà ìjọ wa ṣe máa ń gùn tó.

"Bàbá, o rí wa," ó ní. "A dúpẹ́. Àmín."

"Ó ti tán?" ẹnì kan béèrè.

"Ó ti tán. Ẹ gbé omi wá."

Mo ní kí wọ́n rọra máa mu ún, díẹ̀díẹ̀. Mo pín dàbínù. Sister Bísọ́lá kúnlẹ̀ ti ìyá Akin, ó ṣí agboòrùn lé e lórí, ó ń fi ìdérí ìgò fún un lómi bí ẹni ń fún ọmọ. Kò wo ojú mi. Lẹ́yìn náà, ó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ má bínú."

"Ẹ mu omi tiyín, Sister," mo ní. Ó mu ún.

Nígbà tí a dé ilé òkúta, mo ní a ò ní kúrò níbẹ̀ títí ara gbogbo wa á fi balẹ̀. Wọ́n ṣí kúlà náà. Jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìyẹ ló wà nínú rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ yẹn ti gbé ààwẹ̀ àti ìṣínu gòkè pa pọ̀. Mo se tíì. Wọ́n bu oúnjẹ fún Rahim títí abọ́ fi fẹ́ dà nù. Ó jẹ ẹ́, ó mi orí, kò sọ̀rọ̀.

"Ṣé odi ni ọ̀gá yìí ni?" Sister Bísọ́lá bi mí.

"Rárá. Ó ń ṣiṣẹ́ ni."

Mo wo ọwọ́ ìyá Akin, kò gbọ̀n mọ́. Mo bi í bóyá ó fẹ́ dúró de wa pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ó ní ṣé kí òun dé ẹnu ọ̀nà kóun má wọlé ni. Mo jẹ́ kí ó sinmi díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, a yí èjìká òkè, omi náà sì wà níbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó kọrin lákọ̀ọ́kọ́. Wọ́n dúró. Oòrùn ti rọ̀, òjìji òkè ti bo ìdajì omi náà. Ìyá Akin rìn lọ sétí rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fi pa ojú, ó pe orúkọ ọmọ tuntun náà ní kíkún, gbogbo orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Wọ́n gbàdúrà gan-an ni. Rahim tẹ́ aṣọ sórí òkúta pẹrẹsẹ kan ní ìhà kejì, ó dojú kọ ibi tó máa ń dojú kọ, ó ń kírun. Ohùn tiwọn ròkè, tirẹ̀ kò jáde, omi kan náà ló wà níwájú wọn.

Èmi nìkan ni mi ò di ojú. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wò wọ́n. Mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn pé, mo sì rí i pé inú mi ń dùn lọ́nà kan tí mo ti gbàgbé. Kì í ṣe pé wọ́n gbọ́ tèmi. Pé wọ́n wà níbẹ̀ ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ìlú tí mo ti wá sí ọ̀tọ̀, tí mò ń fi òkè yìí sí ọ̀tọ̀, bí ẹni tó ní ilé méjì tí àwọn ará ibẹ̀ kò mọ ara wọn. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n pàdé. Ìyá Rẹ́nikẹ́ ì bá ti pariwo orúkọ mi títí àwọn ewúrẹ́ òkè á fi sá.

Àwọn òyìnbó kan tí wọ́n ń rìn kọjá dúró, wọ́n bi Sister Bísọ́lá ní nǹkan kan. Mo gbọ́ tó ń fi èdè òyìnbó dá wọn lóhùn, ó na ọwọ́ sí mi.

"Kí ni wọ́n ń béèrè?" mo bi í.

"Wọ́n ní ta ló mú wa wá. Mo ní ẹ̀gbọ́n wa ni." Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Ṣùgbọ́n páálí mi ṣì wà ní Al Ras o, lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

"Ẹ wá ẹlòmíì, Sister."

"Ẹ gbọ́ ẹnu bàbá!" ó ní, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

A sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò sẹ́ni tó ṣubú. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn wọ bọ́ọ̀sì, tí dírẹ́bà ti ilẹ̀kùn, Rahim jókòó tì mí, ó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ tó ti kó jọ láti àárọ̀ tú jáde. Ó ní òun ti fẹ́ sọ̀rọ̀ ní ẹsẹ̀ òkè. Ó ní kò sí amọ̀nà tó gbé ọwọ́ sókè sí òun rí.

"Mo bínú," ó ní. "Lẹ́yìn náà, mo rí i pé o ń ṣiṣẹ́."

Mo ń ka orí àwọn tó wà lórí ìjókòó.

"Ṣùgbọ́n o ṣe àṣìṣe. Inú bọ́ọ̀sì ló yẹ kó o ti rí i pé wọn ò jẹun. Èmi náà máa ń gbààwẹ̀. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ kì í sọ fún ẹ. Ìwọ lo máa béèrè."

"Òótọ́ ni."

"Khalas. Sátidé tó ń bọ̀, àwọn ará Germany ń bọ̀. Ìwọ lo máa mú wọn lọ." Ó fi orí ti fèrèsé, ó di ojú. "Èmi máa sùn nílé mi."

Rẹ́nikẹ́ pè lọ́jọ́ kejì. Ó béèrè bóyá mo ti jẹun. Mo ní jọ̀lọ́ọ̀fù tó kù ni mo jẹ, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀: kúlà, agboòrùn, àwọn tó ń kọrin, bí orin ṣe ń dín kù, àdúrà ìyá Akin. Mo sọ̀rọ̀ títí ó fi ní kí n dúró.

"Daddy, ṣé ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni."

"Ẹ máa sọ ọ́ lọ," ó ní. "Ẹ ti dé ibi tẹ́ ẹ ti dọ̀bálẹ̀."

Lọ́jọ́ Sátidé, mo dúró níwájú àwọn àjèjì kan nínú bọ́ọ̀sì, àwọn tó ga, tí wọ́n wọ bàtà tó dára ju tèmi lọ. Kò sẹ́ni tó jókòó sẹ́yìn láti máa wò mí. Mo kí wọn. Mo sọ orúkọ mi, mo ní èmi ni amọ̀nà wọn. Lẹ́yìn náà, mo bi wọ́n ta ni kò tíì jẹun.

Wọ́n wo ara wọn. Ìyá kan nínú wọn rọra na ọwọ́ sókè, ọkọ rẹ̀ náà sì nà án.

Mo ní kí dírẹ́bà má tíì ṣí ilẹ̀kùn. Mo gbé búrẹ́dì àti ẹyin fún wọn, mo jókòó tì wọ́n, mo sì dúró títí wọ́n fi jẹun tán.